Ṣílè Tí Ọkùnrin Kan Fẹnu Ara Rẹ̀ Bà Jẹ́

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn owó tí kò ṣeé ná. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Owó fàdákà ayé àtijọ́ ló ń kó jọ, ṣílè tí orúkọ ọba òyìnbó wà lójú rẹ̀, tí igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó o bá mú irú ẹ̀ lọ ra búrẹ́dì lónìí, wọ́n á pe àwọn èèyàn rẹ pé kí wọ́n wá mú ẹ lọ sílé.

Ó ní kí káfíńtà ṣe àpótí pẹlẹbẹ kan fún òun. Káfíńtà gbẹ́ ihò róbótó róbótó sínú rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ àrán sí i. Ṣílè ọdún kọ̀ọ̀kan ní ihò tiẹ̀. Gbogbo ihò ló ti dí, àfi ẹyọ kan.

Ẹyọ kan yẹn ò jẹ́ kó gbádùn. Ṣílè ọdún náà wọ́n bí ojú, torí fàdákà gidi ni, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ti yọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti fi ṣe òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ bíi tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ lórí fóònù. Wọ́n ti fẹ́ ṣèpàdé n'Íbàdàn, kálukú á gbé àpótí tiẹ̀ wá. Wọn ò jẹ́ kó simi.

"Ọ̀gá Oníhò, ẹ kú àárọ̀ o! Ṣé ihò ti dí?"

Ẹlòmíì nínú wọn á fèsì pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n fẹ́ gbin ìlá síbẹ̀ ni."

Á bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn ún.

Ìgbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé n'Íkìrun fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Ṣílè kan ló wà nínú ọwọ́ ìyá àgbà kan ládùúgbò wọn. Ọkùnrin yìí fi ìka méjì fẹ ojú fọ́tò náà. Ọdún yẹn gan-an ni! Ó fò sókè, gàrí tó ń mu dà sórí ìrọ̀rí. Kò tiẹ̀ nu ún. Ó wọ mọ́tò, ó di Ìkìrun.

Ìyá àgbà fún un lómi. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú ṣílè náà jáde.

Ẹ gbọ́ o, ibí lọ̀rọ̀ wà. Ìyá tó bí ọkùnrin yìí ti kọ́ ọ ní ọjà nínà láti kékeré. Ohun tó o bá fẹ́ rà, má jẹ́ kí ojú rẹ sọ ọ́. Bù ú kù. Tó bá yá, yíjú padà, máa lọ. Ẹni tó ń tà á á pè ẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ó bá yínmú. "Ìyá, ṣé èyí náà ni?"

"Òun náà ni, ọmọ mi. Ìyá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi."

"Hẹn. Ó mà ti gbó o. Ẹ ò rí bó ṣe dúdú?"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ìyá gbé e sún mọ́ ojú.

"Irú ẹ̀ kún ilé mi. Àwọn ọmọ ń fi í ṣeré nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èló lẹ tiẹ̀ fẹ́ gbà?"

Ìyá dá iye kan. Iye náà ò tó owó epo tó rà sí mọ́tò wá. Ká ní Ìyá dá ìlọ́po ogún, á san án, á tún dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ẹnu ọjà ti wọ̀ ọ́ lára.

"Háà, Ìyá! Lórí èyí? Ẹ máa tọ́jú ẹ. Kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, àfi kí alágbẹ̀dẹ yọ́ ọ."

Ló bá dìde. Ó rọra ń lọ, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Ó dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò pè é. Ó dé abẹ́ igi máńgòrò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà. Bàtà rẹ̀ ò ní okùn.

"Ó dàbọ̀ o, ọmọ mi!" Ìyá ń ju ọwọ́ sí i. "Bá mi kí wọn nílé o!"

Ìtìjú ò jẹ́ kó padà. Ó ní kí òun jẹ́ kó tutù díẹ̀, pé Ìyá á ti rò ó dáadáa tó bá fi di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ọjọ́ ọjà pé, ó kó gbogbo owó tí Ìyá béèrè sápò, ó tún padà sí Ìkìrun.

Ìyá rí i lókèèrè, ó ń jó pàdé rẹ̀. "Ọmọ mi, káàbọ̀! Orí ẹ pé! Ìmọ̀ràn ẹ mà dáa o!"

"Ìmọ̀ràn wo, Ìyá?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí alágbẹ̀dẹ yọ́ ọ? Àwẹ̀ró! Jáde wá kí bùrọ̀dá rẹ."

Ọmọ-ọmọ Ìyá jáde, ó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì. Yẹtí fàdákà ń tàn yanran létí rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ ṣé gan-an, bùrọ̀dá. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ohun iyebíye ni, pé àwọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin lẹ là wọ́n lójú."

Ọkùnrin yìí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tó bá sọ òótọ́ báyìí, á jẹ́ pé irọ́ ló pa fún àgbàlagbà lọ́jọ́sí.

"Àbí inú ẹ ò dùn ni?" Ìyá bi í.

"Inú mi dùn, Ìyá. Ó yẹ ẹ́, àbúrò mi."

Wọ́n gbé iyán fún un. Ó jẹ ẹ́ tán. Iyán náà tiẹ̀ dùn.

Ó dáa, ìwọ tó ò ń kà á tó ò ń rẹ́rìn-ín yìí, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. O ní òṣìṣẹ́ kan tó mọṣẹ́ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Kó má bàa béèrè àfikún owó, ojoojúmọ́ lò ń sọ fún un pé àwọn tó dáa jù ú lọ kún ìta. Ọmọ rẹ ṣe dáadáa níléèwé, o ní ṣé ibi tó mọ nìyẹn, kó má bàa gbéra ga. Ọ̀rẹ́ rẹ kan wà tí o ò lè ṣe láìsí i, níṣojú ẹ̀ gan-an lo ti ń sọ pé kò wúlò. O rò pé ò ń ná ọjà ni. Ò ń retí kí wọ́n pè ẹ́ padà. Wọn ò ní pè ẹ́, torí wọ́n ti gbà ẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá sì ti gbà pé òun ò wúlò lọ́dọ̀ rẹ, á wá ibi tó ti máa tàn lọ.

Ẹnu la fi ń kọ mé jẹ. Ohun tó o bá fẹ́, sọ pé o fẹ́ ẹ. Tó bá tiẹ̀ wọ́n sí i díẹ̀, san án.

Ọbẹ̀ ìyàwó rẹ lálẹ́ àná, o lá àwo rẹ̀ mọ́, o wá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Obìnrin náà wà ní yàrá kejì báyìí. Gbé fóònù yìí sílẹ̀. Dìde, lọ sọ fún un pé ó dùn.