Ọ́ìlì Dúdú Nínú Abọ́ Funfun

Ọ̀jẹ́dìran àti Láṣebìkan ni awakọ̀ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Òkè-Àpáta. Ọkọ̀ akẹ́rù méjèèjì tí ẹgbẹ́ rà jọra bí ìbejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tọ́bò, ìyẹn fáànù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè gun òkè tòun tẹrù. Tọ́bò a máa gbóná bí iná alágbẹ̀dẹ; ọ́ìlì ló ń tù ú lára.

Awakọ̀ kan ti ta ọ́ìlì ẹgbẹ́ rí, tó sì rọ ògbólógbòó sínú ọkọ̀. Látìgbà náà ni wọ́n ti ṣe é lófin pé ìṣojú gbogbo ẹgbẹ́ ni kí wọ́n máa fa ọ́ìlì oṣooṣù sínú abọ́ tánganran funfun.

Lóṣù àkọ́kọ́, ti Láṣebìkan jáde, ó pọ́n bí oyin. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ti Ọ̀jẹ́dìran jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ọ̀jẹ́, ṣé ọ́ìlì lo rà ni, àbí ọṣẹ dúdú lo yọ́ sínú ọkọ̀?” Láṣebìkan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Alàgbà Ògúnṣínà, alága wọn, kò rẹ́rìn-ín. “Mi ò pè ọ́ lólè o. Ṣùgbọ́n bó bá tún dúdú báyìí lóṣù tó ń bọ̀, wàá kó kọ́kọ́rọ́ wa sílẹ̀.”

 Ọ̀jẹ́dìran sáré tọ Ṣàkírù mẹkáníìkì lọ.

“Má fọwọ́ kan ọ́ìlì mìíràn,” ni Ṣàkírù wí. “Èyí tí mo júwe fún ọ kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí jókòó sínú tọ́bò.”

“Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní a jọ pín owó ọ́ìlì jẹ ni.”

 Láràárọ̀, yóò fa irin ìwọn ọ́ìlì yọ, yóò nù ún sára àkísà, yóò rí i pé ó tún dúdú sí i. Ó tilẹ̀ dé ìsọ̀ tí Láṣebìkan ti ń ra tirẹ̀. Ó gbé agolo náà dání, ó ń yí i wò. Bó bá rà á, orúkọ rẹ̀ á mọ́, ọkọ̀ ńkọ́? Ó gbé e padà.

Ọjọ́ pé. Ọ́ìlì Ọ̀jẹ́dìran ni wọ́n kọ́kọ́ fà. Dúdú ni. Alága na ọwọ́, Ọ̀jẹ́dìran sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e. Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn pé, “Olè!”

Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ ni ọkọ̀ Láṣebìkan ń han bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè, èéfín bò ó. Kò gun òkè náà dé ìdajì tó fi kú. Wọ́n pe Ṣàkírù, ó tú tọ́bò rẹ̀: ọ́ìlì ti jóná mọ́ ọn bí gaàrí tó gan mọ́ agbada, fáànù kò lè yí mọ́. Alága ní kí wọ́n fa ọ́ìlì tìyẹn náà. Ó ṣì ń dán bí oyin.



“Ẹ̀yin àgbà,” ni Ṣàkírù wí, “ẹni tó gbálẹ̀ tí kò kó pàǹtí jáde, ṣé ó gbálẹ̀?”

Alága wo abọ́ méjèèjì. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà. “Ọmọ mi, má bínú sí wa.” Ọ̀jẹ́dìran gbà á.

Láṣebìkan rọra sún mọ́ ọn. “Ọ̀jẹ́, jọ̀ọ́, níbo lo ti ń ra tìrẹ?”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Òkè-Àpáta ti ń pa á lówe pé: ọ́ìlì tó wọ ẹ́ńjìnnì tó mọ́ jáde, ìdọ̀tí ló bá ṣọ̀rẹ́.