Osùn Tó Wà Lórí Akàn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ jókòó dáadáa. Morádéún, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní àbúrò rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ báyìí, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀, ó rà bàbà, ó bà lé orí Akàn, nígbà tí Akàn ṣì ní orí.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní Akàn ní orí nígbà náà. Orí ńlá ni. Ó mọ̀ ọ́n gbé kiri bí ìyàwó tó wé gèlè tuntun. Tààrà ló sì ń rìn, bí èmi àti ẹ̀yin.

Ìlú kan wà tí àwọn ẹranko ń gbé. Ìlú náà ní kànga kan ṣoṣo. Ó ní ọ̀nà tó lọ sí kànga, ó sì ní àká tí wọ́n ń kó ẹ̀wà sí. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, wọ́n á fi ẹnìkan sí ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ẹni náà síbẹ̀, Ẹfọ̀n tó jẹ́ baálẹ̀ á fi osùn kun orí rẹ̀ níwájú ìlú. Osùn pupa fòò. Kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Bó bá ń ṣí, wọ́n á tún un kùn.

Kí ni osùn wà fún? Bí ẹ̀wà tuntun bá jáde, gbogbo ilé á dín àkàrà, wọ́n á gbé e lọ bá olósùn nílé. Ìyẹn dára, àbí? Ṣùgbọ́n bí ohun tó ń tọ́jú bá bàjẹ́, wọ́n á bèèrè ní ìta baálẹ̀ pé, "Orí ta ni?" Olósùn á bọ́ síwájú, á ní, "Orí mi ni." Á sọ bó ṣe jẹ́. Á tún un ṣe. Bí ẹnìkan bá fara pa níbẹ̀, olósùn ni yóò máa pọnmi, tí yóò máa wá oúnjẹ sí ilé onítọ̀hún títí ara á fi yá. Ó tán nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún fi bú u.

Òkété ló ń tọ́jú ọ̀nà. Igi wó dí ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Òkété jáde, ó ní, "Orí mi ni. Oorun ló gbé mi lọ." Ó gé igi kúrò, ó lọ jẹun. Ta ló rántí mọ́?

Akàn ń wo gbogbo eléyìí. Àkàrà ló rí. Ìyókù, kò rí i. Ó tọ Ẹfọ̀n lọ.

"Baálẹ̀, ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ fi mí sí ìdí kànga."

"Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o, Akàn."

"Baálẹ̀, inú omi ni wọ́n bí mi sí. Ta ló tún mọ omi tó mi?"

Wọ́n kun orí Akàn. Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀? Kò ju pé bí wọ́n bá pọnmi tán nírọ̀lẹ́, kó da ọmọrí bo kànga. Pátákó ìrókò ni ọmọrí náà, ó fẹ̀ pẹrẹsẹ. Akàn wò ó. Ó ní pátákó yìí mà dára fún sísá iṣu. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi ṣe èlùbọ́ rí, ẹ mọ̀ pé orí nǹkan pẹrẹsẹ ni iṣu ti ń gbẹ wọṣọwọṣọ. Akàn gbé ọmọrí kànga lọ sílé. Ó sá iṣu sí i. Kànga la ẹnu sílẹ̀.

Ẹtu wà ní ìlú náà. Opó ni. Ọdẹ ti pa ọkọ rẹ̀, ọmọ kan ló kù ú kù. Ọmọ náà lọ pọnmi. Ó jìn sí kànga. Wọ́n fà á jáde láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Ta ni yóò pọnmi fún Ẹtu báyìí? Ta ni yóò já ewé wálé? Bí ó bá jáde, ọmọ á wà lóun nìkan. Bí kò bá jáde, ebi ni. Ẹtu gbé ọmọ pọ̀n, ó dúró ní ìta baálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é. Ègbè yín ni "Orí ta ni o, orí ta ni."

Ta ló gbé ọmọrí kànga?
*Orí ta ni o, orí ta ni.*
Ọmọ mi lọ, kò rìn bọ̀,
*Orí ta ni o, orí ta ni.*
Omi tán nínú àmù mi,
*Orí ta ni o, orí ta ni.*
Ẹ bá mi pè é, kó wá wí,
*Orí ta ni o, orí ta ni.*

Gbogbo ojú yí sí orí Akàn. Osùn ń dán níbẹ̀. Akàn wú ikọ́.

"Ẹ̀yin ará ilé mi, kí ẹ tó máa wo orí mi, mo ní ìbéèrè. Èmi nìkan ni mò ń mu omi kànga?"

Wọ́n ní, "Rárá."

"Ta ló ń mu ún?"

"Gbogbo wa."

"Ta ló ni kànga?"

"Gbogbo wa."

"Ó dáa. Kí ló wá dé tí osùn fi wà lórí ẹnì kan? Ẹ ò rí i pé ìrẹ́jẹ ni? Ọ̀bọ, ṣé orí tìẹ ò yẹ osùn ni?"

Ọ̀bọ ló ń ṣọ́ àká, osùn ti wà lórí tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ti àká nìkan ni mo ní."

"O gbọ́dọ̀ ní ti kànga. Òkété náà gbọ́dọ̀ ní i. Ìlú tí gbogbo ènìyàn bá ti ru ẹrù pọ̀, ẹrù ò wúwo níbẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dùn báyìí, ẹ máa di àpò yín mú.

Akàn gbé ìkòkò osùn, ó ń fi èékánná rẹ̀ méjèèjì kun orí gbogbo wọn. Wọ́n ń tò. Àwọn kan tò lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀bọ sáré lọ wo ojú ara rẹ̀ nínú omi. Baálẹ̀ pàápàá tẹ orí sílẹ̀, torí ẹjọ́ ti sú u. Ó ní ó jọ pé nǹkan yìí á dín wàhálà kù.

Akàn dé ọ̀dọ̀ Ẹtu.

"Ìyá, ẹ gbé orí wá."

"Kí lo fẹ́ fi síbẹ̀?"

"Osùn kànga ni. Ẹ̀yin náà wà lára ìlú."

"Ṣé kí n máa pọnmi fún ara mi, torí pé èmi náà jẹ̀bi?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ìyá."

Ẹtu fa ìborùn bo orí, ó yí ẹ̀yìn padà. Wọ́n ní opó yìí ò fẹ́ràn ìṣọ̀kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lé e lẹ́yìn. Ẹ gbè é, ègbè ti yí padà o:

Ta ló gbé ọmọrí kànga?
*Gbogbo wa ni o, gbogbo wa ni.*
Ta ni yóò pọnmi fún Ẹtu?
*Gbogbo wa ni o, gbogbo wa ni.*
Ta ni yóò lọ láàárọ̀ ọ̀la?
*Gbogbo wa ni o, gbogbo wa ni.*

Ilẹ̀ mọ́. Ta ló lọ?

Ẹ ti dáhùn. Òkété rò pé Ọ̀bọ lọ. Ọ̀bọ rò pé Òkété lọ. Baálẹ̀ rò pé ìlú lọ. Ẹtu fúnra rẹ̀ ló pọn ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tó ru ìkòkò lọ sí kànga tí kò ní ọmọrí, tó ń tẹ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kí òun náà má baà jìn sí i.

Bí ti kànga ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni ìyókù náà rí. Koríko bo ọ̀nà. Wọ́n bi Òkété, ó ní orí gbogbo wa ni. Òrùlé àká jò, ẹ̀wà hù nínú rẹ̀. Wọ́n bi Ọ̀bọ. Ọ̀bọ ní ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, kí wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n pe ìpàdé. Ìpàdé yan ìgbìmọ̀ tí yóò wá ẹni tó fà á rí. Ìgbìmọ̀ wo orí gbogbo ìlú, wọ́n rí osùn lórí gbogbo ìlú, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n lọ sílé. Ẹ̀wà ṣì ń hù.

Akàn? Akàn di ọlọ́gbọ́n ìlú. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní ẹni tó bá wa tún ayé wa ṣe rèé. Èlùbọ́ rẹ̀ sì ń gbẹ lórí ọmọrí.

Ẹ̀wà tuntun jáde. Ó dọjọ́ àkàrà. Òórùn epo gba ìlú kan. Akàn wẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó tẹ́ ewé sílẹ̀. Oòrùn yọ, kò rí ẹnikẹ́ni. Oòrùn kàn án lórí, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó lọ sílé Òkété.

"Òkété, àkàrà mi dà?"

"Àkàrà wo?"

"Ti olùṣọ́ kànga."

Òkété fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀. "Olùṣọ́ kànga rèé. Mo ti dín in, mo ti gbé e fún ara mi, mo sì ti dúpẹ́."

Akàn lọ sílé Ọ̀bọ. Ọ̀bọ ń lá epo lọ́wọ́.

"O ṣeun tó o dé," Ọ̀bọ wí. "Àwa là ń retí tìẹ. Èwo lo gbé wá, ti kànga ni àbí ti àká?"

Inú bí Akàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Ó gba ìta baálẹ̀ lọ. Ẹfọ̀n jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà, àkàrà wà níwájú wọn nínú agbada, wọ́n ń jẹ. Akàn dúró sáàárín wọn, ó na èékánná sókè, ó gbé orin. Ẹ yáa gbè é fún un, ohun tó ń fẹ́ nìyẹn:

Ta ni baálẹ̀ kùn lósùn kànga?
*Orí Akàn ni, orí Akàn.*
Ta lẹ fi kànga lé lọ́wọ́?
*Orí Akàn ni, orí Akàn.*
Ẹnikẹ́ni ò bá mi pín in,
*Orí Akàn ni, orí Akàn.*
Ẹ gbé àkàrà mi fún mi,
*Orí Akàn ni, orí Akàn.*

Ẹtu ń ti kànga bọ̀ lásìkò náà, ìkòkò lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ó dúró. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀.

"Akàn, tún un sọ. Mi ò gbọ́ ìparí."

Àkàrà ti gba ojú Akàn. Ó ní, "Èmi nìkan ni olùṣọ́ kànga. Ẹnikẹ́ni ò bá mi pín in."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kùn mí. Mi ò fi ọjọ́ kan sílẹ̀."

"Ọjọ́ tí ọmọ mi jìn sí i ńkọ́?"

Akàn yí ojú padà. Ó wo àkàrà. Ó wo ọmọ Ẹtu.

"Ìyẹn," ó ní, "ọjọ́ yẹn nìkan ni ti gbogbo wa."

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹfọ̀n ò rẹ́rìn-ín. Ó nu epo lẹ́nu, ó gbé agbada àkàrà, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú Akàn. Ó gbé ìkòkò omi Ẹtu, ó sọ ọ́ kalẹ̀ tì í.

"Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ tìẹ," baálẹ̀ wí. "Jẹ àkàrà rẹ. Bó o bá jẹ ẹ́ tán, gbé ìkòkò yìí tẹ̀lé ìyá ọmọ lọ sílé. Lọ́la wàá tún gbé e. Títí ọmọ á fi rìn."

"Baálẹ̀, ṣé mo lè mú àkàrà nìkan?"

"Orí kan náà ló ni méjèèjì. Orí ta ni?"

Gbogbo ìlú ń wò ó. Èékánná Akàn ń lọ síbi àkàrà, orí rẹ̀ sì ń fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ìkòkò. Ọwọ́ ń lọ, orí ń bọ̀. Ó mú àkàrà kan, ọrùn wọlé. Ó mú ìkejì, àgbọ̀n wọlé. Ó fẹ́ gbé osùn náà pa mọ́ kí wọ́n má rí i bi í. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, orí ti rì sínú àyà, ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù síta, tó ń wá àkàrà tó kù.

Ẹfọ̀n tún bèèrè, "Orí ta ni?"

Kò sí orí.

Kò lè kojú sí Ẹtu kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó ń yẹ̀, ó ń yẹ̀, àkàrà lọ́wọ́, títí ó fi já sí odò. Nígbà tó dé ibẹ̀ tó fẹ́ jẹun, ó na orí títí. Kò jáde mọ́.

Òkété fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkòkò Ẹtu rù. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ," ó ní, "èmi ló jẹ́ kí ọ̀nà yín kún." Àwọn yòókù sáré lọ ṣan osùn tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ má rò pé ojú ló tì wọ́n o. Ẹ̀rù orí ló bà wọ́n. Ẹ̀rù náà dára, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n lọ gbé ọmọrí kànga nílé Akàn. Èlùbọ́ orí rẹ̀ ti bu. Ẹtu fi ọ̀bẹ ha á kúrò, òun fúnra rẹ̀ ló dà á bo kànga. Ọmọ rẹ̀ rìn lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ń tiro díẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò kàn sọ fún yín pé orí náà ti wọlé tipẹ́.

Ẹ sì ti bá mi se akàn rí. Nínú odò, ó dúdú bí ẹrẹ̀, ẹ ò lè bá àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Ẹ gbé e kaná. Bí omi bá ti hó, á pọ́n fòò. Osùn tó gbé pa mọ́ ni.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí. Bí mo bá parọ́, ẹ lọ bi Akàn létí odò. Bó bá rìn tààrà wá bá yín, tó ní, "Orí mi ni," ẹ padà wá pè mí ní òpùrọ́.