Eégbọn Tó Sọ Ara Rẹ̀ Di Ọkọ Màlúù

Nígbà láéláé, ara Màlúù mọ́ tónítóní. Láràárọ̀, kí ìrì tó gbẹ, yóò gbé ìrù sókè, yóò tẹ́ etí sílẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lékeléke yóò sì yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, títí kan kọ̀rọ̀ tí ojú kì í tó.

Ìgbà tí Màlúù wọlé ọkọ ní ọ̀dàn ni wàhálà dé. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n: ọmọ tí wọ́n bí lánàá, bó bá ti ṣáájú ìyàwó dé inú ilé, ọkọ ìyàwó ni. Eégbọn gbọ́ èyí. Ó tinú koríko yọjú, kò tó hóró ọkà bàbà.

“Ìyàwó, ṣé o ò rí mi ni? Inú koríko yìí ni wọ́n bí mi sí kí wọ́n tó gbé ọ wọlé. Ọkọ rẹ ni mí.”

Màlúù kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ní ibo ni ọkọ òun fẹ́ jókòó sí. Eégbọn ní abẹ́ ìrù tutù, inú etí náà dára. Ó jókòó, ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó ránṣẹ́ pe gbogbo ẹbí rẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Lékeléke ní kí Màlúù gbé ìrù. Màlúù kọ̀, ó ní àwọn ọkọ òun ń jẹun.

“Ọkọ wo? Ta ni bàbá rẹ̀ nínú ilé yìí? Ará ọ̀nà tó lẹ̀ mọ́ ọ lára ni. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ló mu níbi tó ti ń bọ̀. Ẹnu yẹn náà ló fi ń mu tìrẹ, òun náà ni yóò fi mu ti ọmọ tí o bá bí.”

“Má bú ọkọ mi lójú mi.” Màlúù sì ta á nípàá.

Nígbà tó yá, Màlúù bímọ, àwọn eégbọn sì bo ọmọ náà lára. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ koríko jíjẹ ni. Kò pẹ́, ara rẹ̀ gbóná janjan. Inú ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹfun, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi osùn. Ẹni tó ní ìwo méjì lórí, ìkúnlẹ̀ ló tún kúnlẹ̀.

“Ẹ dákun, ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ sọ̀kalẹ̀ lára ọmọ yìí.”

Wọ́n ní ìyàwó kì í lé ọkọ nídìí oúnjẹ. Ọ̀kan nínú wọn ní kó lọ bí òmíràn.

Ìgbà yẹn ló tó sáré pe Lékeléke. Ẹyẹ náà tiro wá, ó já gbogbo eégbọn ara ọmọ náà dànù.

“Eégbọn ni mo lè yọ,” ó ní. “N kò lè yọ ohun tí wọ́n tu sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.”

Ọmọ náà kú kí oòrùn tó kan àtàrí. Màlúù ń lá a, ó ń lá a, ọmọ kò dìde.

Màlúù wá gbé ìrù sókè. Lékeléke wò ó, ó ní òun yóò máa ṣa eégbọn ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò tún ní fi orí wọ ibi tí ìpàá ti bá òun.

Láti ọjọ́ náà ni Lékeléke ti ń tẹ̀lé Màlúù káàkiri ọ̀dàn, ṣùgbọ́n kì í dé abẹ́ ìrù. Láti ọjọ́ náà ni Màlúù ti ń fi ìrù na ara rẹ̀, tó ń gbọn etí láti àárọ̀ dalẹ́, eégbọn kì í sì í jábọ́. Darandaran tó bá fẹ́ kí ọmọ màlúù òun yè, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìrù náà wò. Màlúù kò lọ́wọ́, ẹyẹ kò sì wá síbẹ̀ mọ́.