Òwú Ìdákẹ́jẹ́ Nínú Ekòló

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi rìn, ó rìn, ó wọ inú Ekòló lọ.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà nínú Ekòló. Ilé kéékèèké ló kún ibẹ̀, ògiri ti ògiri. Ẹnikẹ́ni kò lè jáde nínú ilé tirẹ̀.

Àjọkẹ́ ń gbé nínú ìfun, níbi tí oúnjẹ ń gbà wọlé. Bí Ekòló ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ilé Àtóókẹ́, ọmọ rẹ̀, ń jìnnà sí i, títí ó fi di ará ilé ẹyin, níbi tí Ekòló ń kó ẹyin rẹ̀ sí. Ìyá kò rí ọmọ mọ́. Orin kan tí ọmọ náà ń kọ nìkan ló ń gbọ́.

Àṣé orin àjèjì ni. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ kì í jẹun, kì í sùn, títí yóò fi gbẹ.

Lọ́jọ́ kan, Àjọkẹ́ rí òwú kan nínú oúnjẹ, fọ́nrán méjì tí a lọ́ pọ̀. Iṣan, aládùúgbò rẹ̀, yọjú lójú ọ̀nà tóóró tó wà lára ògiri wọn.

"Ìyá Àtóókẹ́, òwú ìdákẹ́jẹ́ nìyẹn. Ilé tó bá dé, orin àjèjì a kú níbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sọ́mọ yín."

"Ṣé màá ṣì máa gbọ́ ohùn rẹ̀?"

"Rárá, Ìyá. Orin yẹn nìkan ló ń gba ara ògiri kọjá."

Àjọkẹ́ tú òwú náà. Ó fi fọ́nrán kan pamọ́ sáyà, kí orin náà má baà kú tán. Ó ti ìkejì sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà kò gbà á. Ó tì í, kò gbà á. Ó tì í, kò gbà á.

"Ọ̀nà yìí gbọ́n jù yín lọ," Iṣan wí. "Méjì tí a lọ́ pọ̀ nìkan ló ń gbà."

"Díẹ̀ péré ni mo fẹ́ máa gbọ́."

"Ẹ tẹ́tí dáadáa. Ohùn rẹ̀ ti ń há."

Àjọkẹ́ tẹ́tí. Lóòótọ́ ni. Ó yọ fọ́nrán náà láyà, ó lọ́ ọ mọ́ èkejì rẹ̀, ó wá ń kọrin:

Òwú mi, rọra lọ,
*Jẹ́jẹ́.*
Bá mi dé ọ̀dọ̀ Àtóókẹ́,
*Jẹ́jẹ́.*
Kó dákẹ́, kó lè yè,
*Jẹ́jẹ́.*

Òwú wọlé Iṣan. Iṣan lọ́ irú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sílé kejì. Ilé kejì lọ́ tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́ síwájú. Báyìí ló ń lọ, títí ó fi dé ilé ẹyin.

Orin dá. Àtóókẹ́ jẹun. Ó sùn. Nígbà tó yá, ó bímọ, àwọn ọmọ náà sì mú òwú wáyé. Wọn ò kọ orin àjèjì rí.

Àjọkẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Síbẹ̀, láràárọ̀, a máa gbé etí lé ògiri.

"Ìyá, kí lẹ ń gbọ́?" Iṣan bi í.

"Ó ń sùn," ni ó wí.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó fẹ́ gba ọmọ là kì í fi ìdajì pamọ́ fún ara rẹ̀. Ibí ni mo sọ ẹrù ààlọ́ mi kalẹ̀ sí.