Ewé Tí Òkété Kó Wọlé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ṣí gbọ̀ọ̀rọ̀, ó bọ́ sínú ọgbà àgbálùmọ̀ àwọn ẹranko, ó di ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró, ìyàwó Òkété.

Lọ́dún kan, àmì dúdú tótòtó bo ewé àgbálùmọ̀. Ewé ń já bọ́ wọ̀ọ̀wọ̀, èso ń rẹ̀ dànù ní kékeré. Ẹtu, olórí wọn, ní inú ewé tó já sílẹ̀ ni àrùn ń gbé, pé bí òjò bá ti kàn án, yóò tún gun igi padà. Ó ní kí kálukú gbá ìdí igi tirẹ̀, kí ó sì sun ewé ibẹ̀. Gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀, àfi Òkété. Ọ̀lẹ ni, oorun sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Ó fọwọ́ tẹ ewé, ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Ló bá wọ́ ọ sínú ihò títí dé ẹnu ọ̀nà, ó fi tẹ́ ibùsùn. Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ títí, ó ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òkété ní iná dà níbẹ̀, ṣebí ewé lásán ni.

Òjò dé. Ọgbà tutù yọ̀yọ̀, àfi igi ẹnu ọ̀nà Òkété, tí àmì dúdú tún bò. Ẹtu gbé àáké. Ó ní kí àrùn má baà ran ìyókù, àwọn yóò gé igi náà. Igi yìí nìkan ni Àwẹ̀ró sì fi ń bọ́ ọmọ. Òkété ń kọ́? Ó fi ewé borí.

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró gidigidi. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ojú á ti ọkọ rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ebi á pa ọmọ. Ó dìde, ó fara ti igi, ó fi orin sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń tòògbé, ẹ gbè é dáadáa:

Ẹtu, má tíì gé e o,
*Ewé ń bẹ nílé.*
Igi kò ṣẹ̀ yín o,
*Ewé ń bẹ nílé.*
Ọkọ mi ló kó o pamọ́,
*Ewé ń bẹ nílé.*
Orí rẹ̀ la ń sùn o,
*Ewé ń bẹ nílé.*

Ẹtu sọ àáké kalẹ̀. Wọ́n wọ́ ewé jáde, wọ́n sun ún. Èyí tó há sí ìsàlẹ̀ ihò, wọ́n finá sí i níbẹ̀. Èéfín kún ihò bámú. Òkété tú jáde gìrìrì, ó ń wúkọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo ọgbà. Ẹtu ní kò burú, kí igi dúró, ṣùgbọ́n Òkété ni yóò máa gbá ìdí rẹ̀ láràárọ̀.

Igi rú ewé tuntun, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Nígbà tí àgbálùmọ̀ pọ́n, Àwẹ̀ró já ọ̀kan fún ọmọ, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Òkété kò ti fẹ́ rí èéfín. Títí di òní, ọdẹ tó bá fẹ́ mú un, èéfín ló ń fín sí ihò rẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi tẹsẹ̀ dúró sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí àgbálùmọ̀ ọdún yìí kan lẹ́nu mi. Ó kọ́ wa pé ohun tí gbogbo ìlú bá pawọ́ pọ̀ lé jáde, kí ẹnì kan má ṣe gbà á sílé. Bí ẹni tiwa bá sì gbà á, ká má bá a pa á mọ́.