Àwẹ̀ró àti Ọkọ Rẹ̀ Tó Ń Se Iyọ̀

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko." Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí, àbí? Ta ló wá mọ ibi tó ti ṣẹ̀?

Obìnrin kan wà létí òkun, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Mọlará, ló máa ń se omi òkun títí á fi gbẹ, táá di iyọ̀. Ẹni tó ń fi ahọ́n tọ́ iyọ̀ wò láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé iyọ̀ inú ọbẹ̀ lè tó irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu? Ẹ̀kúnwọ́ ló máa ń bù sí i! Nígbà tó yá, orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bó bá rìn díẹ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àgbà oníṣègùn kan wò ó, ó pe Àwẹ̀ró sí kọ̀rọ̀.

"Ìyá Mọlará, bí iyọ̀ yẹn ò bá dín kù, wàá di opó."

Jìnnìjìnnì bo Àwẹ̀ró. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kó gbogbo iyọ̀ ilé ìdáná dànù, ló bá se ọbẹ̀ ẹja láìfi ẹyọ iyọ̀ kan sí i. Ọkọ rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó fajú ro.

"Àwẹ̀ró, ṣé o se ẹja yìí ni àbí o kàn wẹ̀ ẹ́?"

"Bàbá Mọlará, ẹ jọ̀ọ́, torí ara yín ni."

"Èmi tí gbogbo ìlú ń jẹ iyọ̀ mi! Gbé e kúrò níwájú mi."

Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé Ọ̀ṣọ́, àbúrò rẹ̀, ó lọ jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ níbẹ̀. Bí Àwẹ̀ró ṣe ń le, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń le sí i, títí ẹsẹ̀ fi wú débi pé kò lè jáde nílé mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ náà fún un. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè padà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Látọjọ́ náà, kò bá a jà mọ́. Ó dá iyọ̀ padà sínú ọbẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ, àmọ́ ó yọ ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú kúrò. Bí ọjọ́ ọjà mìíì bá pé, á tún yọ díẹ̀, á fi efinrin àti ata dípò rẹ̀. Òun náà ń bá a jẹ ẹ́.

"Ẹn-ẹ́n!" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ọwọ́ rẹ ti ń bọ̀ sípò."

Àwẹ̀ró kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Oṣù ń gorí oṣù, wíwú ẹsẹ̀ náà ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá Mọlará fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé Ọ̀ṣọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Òkèlè kan péré, ló bá tu ú dànù.

"Ta ló da òkun sínú ọbẹ̀ yìí?"

Ọ̀ṣọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọbẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń lá gbẹ nìyí o!"

Bàbá dé ilé, ó dúró lé Àwẹ̀ró lórí. "Kí lo ṣe sí mi lẹ́nu?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń yọ iyọ̀ yẹn. Ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú mọ́ mi lójú ni."

Bàbá Mọlará fà á dìde, ó jókòó tì í. "Àwẹ̀ró, o fagbára mú mi, mo le bí òkúta. O fẹ̀sọ̀ mú mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé o mú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn làwọn aládùúgbò gbọ́ tí wọ́n sọ dòwe. Báwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi ipá tún ìwà ọmọ tàbí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe, tó wá dà bí ẹni ń bu epo sí iná, wọ́n á ní kó rọra: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin ni Àwẹ̀ró, ṣé ẹ̀ bá jẹ́ kó mọ̀ ni, àbí ẹ̀yin náà á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀?