Ilé Tí Kò Ní Inú

Nígbà láéláé, tí fóònù kò tíì sí, orí Alángbá ni gbogbo ẹranko ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tó dára. Bó bá ti mi orí sí nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, wọn á ya bò ó.

Ìkán ní tirẹ̀ ń kọ́lé. Òun ló ń po amọ̀, òun ló ń mọ ọ́n, nínú oòrùn gangan, lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń polówó. Ni àwọn méjèèjì bá ṣàdéhùn: Ìkán á kọ́lé, Alángbá á gun orí rẹ̀, á mi orí, àwọn tó ń wá ilé gbé á sì dé.

Ó ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tí Ìkán gbọ́ tí Ehoro ń kí Alángbá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tí ẹ kọ́ yìí mà dára."

Alángbá kò sọ pé òun kọ́ ló kọ́ ọ. Orí ló mì.

Láti ìgbà náà ni ara ti ń fu Ìkán. Ṣé ẹni yìí tilẹ̀ ń wọ inú àwọn ilé tó ń yìn? Kò rí erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ìkán lo oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Kò bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní nǹkan kan. Òkìtì kan ló mọ, tó ga, tó dán. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló ní. Ìyókù, amọ̀ gbagidi ni.

"Ọ̀rẹ́ mi, báwo lo ṣe rí èyí sí?"

Alángbá gun orí rẹ̀. "Yàrá rẹ̀ tutù, ó sì gbòòrò," ló wí, ló bá mi orí.

Ìkán rẹ́rìn-ín sínú. Bó bá di ọ̀la, òun á pe gbogbo ẹranko jọ, òun á tú àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò kò dúró dọ̀la.

Òkété, tí oyún rẹ̀ ti gbó, ti rí orí tó ń mì. Ó sáré wá kí òjò tó dé, ó ki orí bọ ẹnu ọ̀nà, imú rẹ̀ gbá amọ̀. Inú òjò náà ló bímọ sí. Ọmọ mẹ́ta ni. Àgbàrá gbé ọ̀kan lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alángbá nàka sí Ìkán. "Òun ló kọ́ ọ."

"Ìwọ lo yìn ín," Ìkán dáhùn.

Òkété wo àwọn méjèèjì. "Ìwọ Ìkán, o mọ̀, o ò sọ. Ìwọ Alángbá, o ò mọ̀, o ń sọ. Ta ni kí n bi léèrè ọmọ mi?"



Láti ọjọ́ náà ni Òkété ti ń gbẹ́ ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì ń lu ọ̀nà àbáyọ sí i. Ojú ń ti Ìkán, kò jẹ́ kí oòrùn rí òun mọ́. Abẹ́ amọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Alángbá ṣì wà lórí ògiri níbẹ̀ yẹn. Ẹ bi í pé kí ló wà nínú ilé náà. Orí ni yóò mì.